Gbèsè Tí Ẹ Jẹ àti Èyí Tí Ẹ Kò Jẹ: Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Ìkòròdú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkẹjà, Ìkòròdú ni mo sì ń gbé. Ẹni ọdún 36 ni mí. Ọmọ méjì ni mo bí: obìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá àti ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà. Bàbá wọn kó jáde ní 2021, kò sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láti ìgbà náà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde. Bí ojú ọ̀nà bá dára, mo máa ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyá kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà, Ìyá Ràfíù, ló ń bá mi mú àbúrò wálé láti ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa gbé oúnjẹ kaná, a wẹ̀ fún un, a sì ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá kí ó tó ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo wà nílé. Ọmọkùnrin mi ṣubú lórí kọnkéré, orúnkún rẹ̀ bó, ó ń ké bọ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dì mọ́ Ìyá Ràfíù. Màmá, láti ọjọ́ náà n kò sùn dáadáa mọ́. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé ẹni tó bá ń lé owó, ọmọ ni yóò fi san án. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ṣé kí n kó wọn lọ bá ìyá mi ní Ìkirè? Ṣé ó yẹ kí n bẹ ọmọ mi?"

Arábìnrin mi, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bíró. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ béèrè, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ohun tó ń lé oorun lójú yín. Ọwọ́ méjì tí ẹ nà, tí ọmọ kò bọ́ sínú rẹ̀, ló ń lé e. Ẹ ti sọ ìṣẹ́jú kan yẹn di ìdájọ́: pé ọmọ ti kọ̀ yín, pé ẹ̀yin lẹ fà á, àti pé bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, bóyá adájọ́ yóò dín ẹ̀wọ̀n yín kù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ibẹ̀ wò, nítorí bí ìtumọ̀ yẹn bá wọ́, gbogbo ìpinnu tí ẹ bá gbé lé e lórí ni yóò wọ́. Ọdún 26 ni mo fi jẹ́ olùkọ́ àti olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé ìjọba, mo sì dá tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Nítorí náà, apá kan ìdáhùn yìí ti inú iṣẹ́ wá, apá kan ti inú ilé mi.

Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣubú kì í dúró ro ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ara ń ta á, ẹ̀rù ń bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e gba ọ̀nà tó mọ̀. Láti ìgbà tí ilé ìwé bá ti jáde títí di alẹ́, Ìyá Ràfíù ló ń fọ egbò rẹ̀. Ọmọ náà mọ ibi tí ìyá yẹn ń gbé Dettol sí, ó mọ bí ó ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sójú egbò kí ó má baà ta á jù. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ní aago mẹ́ta òru, ṣé ìlẹ̀kùn Ìyá Ràfíù ni yóò lọ kàn ni? Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín, mo sì lérò pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè ní ẹni òru àti ẹni ọ̀sán, kí ó má sì ṣe ìkankan nínú wọn ní ẹ̀tàn.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ tó ń sá tọ ẹlòmíràn kò kó ìdààmú bá mi rí. Àwọn tí kì í sá tọ ẹnikẹ́ni ni mo ń ṣọ́. Mo rántí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì àkọ́kọ́ girama tí ìṣó ara àga ya lápá. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ bo ojú egbò náà, ó sì ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sórí ìwé. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ, ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Ọmọ tó ń ké bọ̀, tó sì mọ àyà tó fẹ́ forí lé, ẹnìkan ti kọ́ ọ pé bí nǹkan bá dunni, èèyàn wà tí à á sá bá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí Ìyá Ràfíù tó bá yín gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ kò bá gba ohun kan lọ́wọ́ mi lónìí, ẹ gba èyí: ẹ má jẹ́ kí owú tó ń jẹ yín mú yín já ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mo ti rí ìyá tó ṣe é. Oṣù mẹ́ta ló fi wá alágbàtọ́ mìíràn, ọmọ kò sì rí ẹni ọ̀sán ní gbogbo oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bá jókòó tì yóò bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn baba wa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun wá lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Oníṣègùn ọpọlọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Bowlby, kọ ìròyìn kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1951 nípa àwọn ọmọ tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tàbí ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn wá mú ohun tó rí lára ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé e lé orí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó sì padà wálé. Mary Ainsworth, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, lọ sí Uganda ní 1954, ó sì ń wo àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala. Àwọn ìyá yẹn ń lọ sóko, àwọn ẹlòmíràn sì ń bá wọn gbé ọmọ. Iye ọwọ́ tó ń gbé ọmọ kọ́ ló ya ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sọ́tọ̀. Ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ dunjú, tó lè jókòó kó ro ìwà ọmọ náà ní ẹyọ ẹyọ fún àlejò, ni ọmọ rẹ̀ sábà máa ń fọkàn balẹ̀.

Ìwádìí ńlá kan tún bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1991, tí wọ́n fi tẹ̀lé àwọn ọmọ tó ju 1,300 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n rí i pé fífi ọmọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ lásán kì í já okùn àárín ìyá àti ọmọ. Bí ìyá ṣe ń dá ọmọ lóhùn ló wúwo jù. N kò ní fi apá kejì pamọ́ fún yín: ìwádìí kan náà rí i pé àwọn ọmọ tó lo wákàtí púpọ̀ gan-an lọ́dọ̀ alágbàtọ́ láti kékeré máa ń ya aláìgbọràn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Láti ìkókó sì ni wọ́n ti ń ka wákàtí ti àwọn yẹn, ní ilẹ̀ tí kò jọ tiwa, nítorí náà ẹ má fi ṣe òfin fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ìkòròdú. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ fún yín kò ju pé wákàtí tí ẹ kò sí nílé kọ́ ni gbogbo ìtàn.

Ní ti arábìnrin yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi bi í bóyá ìyá ìyá rẹ̀ jókòó sílé. Obìnrin Yorùbá kì í jókòó sílé tọ́ ọmọ. Alájàpá a kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, a ra gàrí àti ẹ̀wà ní abúlé kan, a tà á ní ọjà ìlú mìíràn, ó sì lè ná ọjà ọrún méjì kí ó tó tún fojú kan ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ìyá burúkú. Èyí tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ gan-an ni àwọn ìyàwó ilé ń fi orin bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí alájàpá bá jáde, inú agbo ilé ló fi ọmọ sí: ìyá àgbà wà lórí ẹní, ìyàwó àbúrò ọkọ ń dáná, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà mẹ́jọ ń sáré kiri àgbàlá. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ìyá ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìyá ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Igba ojú ló dín kù di méjì. Owó ilé, ọ̀nà jíjìn àti ọkùnrin tó kó ẹrù rẹ̀ jáde ló dín in kù, ẹ̀yin kọ́. Bí ẹ bá ń wá ojútùú, ojú ni kí ẹ máa wá kún ojú.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri láyé ìjọ́un máa ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, oníṣòwò a wá sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, a lóṣòó síbẹ̀, a ní òṣòó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá. Ẹ̀rí ọkàn tó ń dá ni lẹ́bi jọ ọ́ gan-an. Kí ẹ tó bọ́ bàtà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹ̀yin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí san owó láìbéèrè iye ọ̀pá aṣọ tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n a ní kí òṣómàáló ṣí ìwé.

Nígbà tí èmi àti àwọn ìyá bíi tiyín bá ṣí ìwé náà, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń bá níbẹ̀, tí wọ́n dì sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni àárò. Àárò ọmọ ń sọ yín nínú mọ́tò, nígbà tí ẹ bá rí ọmọ ẹlòmíràn nínú aṣọ ilé ìwé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi, kò sì sí ẹni tí ẹ ní láti bẹ nítorí rẹ̀. Òmíràn ni ìtìjú, ohùn àwọn tó ń wò yín láti òde. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú tí kò ní arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ń gbé, mo rò pé ìdajì ìrora yìí yóò ti lọ. Ẹ̀kẹta ni gbèsè tòótọ́: ohun kan pàtó tí ẹ jẹ ọmọ kan pàtó, tó sì ṣeé san. Èyí ẹ̀kẹta nìkan ni kí ẹ dìde fún.

Mo wá ṣí ìwé tiyín, arábìnrin mi, mo sì rò pé ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni òṣómàáló yìí lóṣòó sí. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ló kún lẹ́tà yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà ju ìlà méjì lọ: ó ń gbé oúnjẹ kaná, ó ń wẹ̀ fún àbúrò, ó ń ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá "kí ó tó ṣe tirẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Aago mélòó ló ń ṣe tirẹ̀? Ta ló ń ran òun lọ́wọ́? Bí gáàsì bá gbaná, àgbà wo ló wà nínú ilé? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í yọ yín lẹ́nu, tí gbogbo ọgbà ń yìn pé ó mọ iṣẹ́ ilé, ìdí nìyẹn tí ojú yín fi gba orí rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ilé dára fún ọmọ. N kò mọ Yorùbá kan tí yóò ní kí ọmọ má gbálẹ̀ kó má fọ abọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ran ìyá lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ọmọ tó ti di ìyá. Èyí tó ń ràn yín lọ́wọ́ lè gbàgbé, kó bá eré lọ, kí ẹ bá a wí, kó sì tán. Èyí tó ti di ìyá kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí ọjọ́ tó bá gbàgbé, ebi ni àbúrò rẹ̀ yóò fi sùn. Mo máa ń dá wọn mọ̀ ní kíláàsì. "Kò sí wàhálà, mà" kì í wọ́n lẹ́nu wọn, wọn a sì máa sùn lórí ìwé kété tí wọ́n bá ti ti ìsinmi ọ̀sán dé.

Ibẹ̀ ni gbèsè yín wà, ó sì ṣeé san láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló yẹ kí àgbà kan gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Bí Ìyá Ràfíù bá lè ṣe é, ẹ bá a dá iye owó pàtó lóṣooṣù, kí ẹ sì máa san án bí ẹ ti ń san owó ilé. Ẹ má fi "Ọlọ́run á san án fún yín" dípò owó, nítorí ojú rere tí a kò gbọ́ bùkátà rẹ̀ a máa rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ wá ìyá mìíràn nínú ọgbà tàbí nínú ìjọ. Arábìnrin tó ń dá yín lẹ́bi yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí irú wọn gbà nígbà tí a bá bi wọ́n tààrà.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo ń kọ́ni lọ́sàn-án, mo sì ń kọ́ àwọn tó ń múra ìdánwò WAEC lálẹ́. Bí mo bá dé, n óò jókòó sétí ibùsùn àkọ́bí mi, n óò sì bi í pé, "Ṣé o ò bínú sí mi?" Alaalẹ́ ni. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń fi hàn. Nígbà tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sọ fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ rántí wákàtí tí n kò sí nílé. Ìbéèrè yẹn ni òun rántí. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, òun a ti múra ìdáhùn sílẹ̀, àní ní alẹ́ tí inú ń bí òun gidi, nítorí bí òun bá sọ òótọ́, n óò sunkún, òun ni yóò sì wá máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Mo gbé ẹrù ẹ̀bi mi lé e lórí, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú. Nítorí náà, bí inú yín bá bàjẹ́ lálẹ́, ẹ wá àgbà tí ẹ ó sọ ọ́ fún. Ẹ má fi ọmọ ṣe agbẹjọ́rò yín.

Ẹ̀bi tún máa ń náwó. Ẹ kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ Àbámẹ́ta àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́: mít-páì, fóònù tí ọmọ kò tíì tó lò, "rárá" tí kò lè jáde lẹ́nu. Láìpẹ́ ọmọ a máa wo ọwọ́ yín kí ó tó kí yín káàbọ̀. Òfin tí èmi ṣe fún ara mi nígbà náà kò le: n kò gbọdọ̀ ra ohun tí n kò ní rà bí ó bá jẹ́ pé láti àárọ̀ ni mo ti wà nílé.

Ó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ má fi sílẹ̀ tí òmíràn kò bá tíì bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé ìwé kì í dúpẹ́ pé ìyá òun wà nílé láti ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé kan, kí ẹ yọ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kúrò nínú owó oṣù yín, kí ẹ yọ oúnjẹ tí ẹ ń rà jẹ lójú ọ̀nà, kí ẹ sì yọ owó tí ẹ ó máa san fún Ìyá Ràfíù. Iye tó bá kù ni owó oṣù yín gan-an. Ọ̀nà ọkọ̀ akérò BRT tí wọ́n ṣí láti Mile 12 dé Ìkòròdú ní 2015 dín ìyà kù díẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ mọ bí ìlà ṣe ń gùn ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú bá fẹ́ san iye tó súnmọ́ èyí tó kù yẹn, tí yóò sì dá wákàtí mẹ́ta padà fún yín lójúmọ́, èmi ìbá gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé yóò sọ yín di ajigbèsè onílé, mi ò ní gbà á. Ohun mìíràn tí ẹ lè kọ́kọ́ bá mátírọ̀nì sọ ni pé kí wọ́n kó iṣẹ́ yín jọ sí ọjọ́ díẹ̀ tó gùn, kí ọjọ́ ìsinmi yín lè jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé ọjọ́ Ọjọ́rú ni ti ìyá òun, ó ní ohun tó ń retí. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ti bi wọ́n.

Kíkó ọmọ lọ bá ìyá àgbà kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà la ti gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó béèrè fún un. Ṣé ìyá yín fẹ́ wọn, ṣé orúnkún rẹ̀ ṣì gbé e, tàbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ sá fún ojú àwọn èèyàn? Bí ẹ bá máa kó wọn lọ, ẹ kó àwọn méjèèjì papọ̀, kó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé ìwé, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó máa wá, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ìyá dá tó sì yẹ̀ a máa dun ọmọ ju ọjọ́ tí kò dá lọ. Ẹ tún lè bi ìyá yín bóyá òun lè wá bá yín gbé ní táàmù kan. Àmọ́ kí ẹ má retí pé yóò rọrùn fún un: àgbàlagbà tó ń dín dòdò tà ní Ìkirè, tó ní ẹgbẹ́, tó ní ìjọ, kì í fẹ́ kí a wá há òun mọ́ inú yàrá méjì ní Ìkòròdú. Lójú tèmi, kí ọ̀ràn yín tó dé Ìkirè, owó Ìyá Ràfíù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí mo dí ní tèmi ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹlòmíràn yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ mú ọmọ ọdún 13 wá láti abúlé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó náà ti sọ di òfin tirẹ̀, kò fàyè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀: gbèsè tí ẹ jẹ ọmọ yín ni ẹ fẹ́ gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí yẹn. Òfin kan náà ló sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Owó tí bàbá wọn kò san láti 2021, ti àwọn ọmọ ni. Ẹ̀yin kọ́ ló ń ṣagbe. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò gbogbo ènìyàn ní Èkó, tí wọ́n ń pè ní OPD, àti àwọn agbẹjọ́rò obìnrin inú ẹgbẹ́ FIDA máa ń gba irú ẹjọ́ yìí láìgba owó. Ó máa ń falẹ̀. Ọkùnrin mìíràn a sì parọ́ iye tó ń wọlé fún un. Síbẹ̀, ẹ lọ bá wọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ owó Ìyá Ràfíù nìkan ni bàbá wọn yóò máa san lóṣooṣù, ẹni tí yóò jàǹfààní rẹ̀ ń bẹ nílé tó ń gbé ìkòkò kaná.

Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìyá tó mọ ọmọ rẹ̀ dunjú. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kì í gba aláìsàn lọ́wọ́ ara yín láìgbọ́ ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Ràfíù máa ròyìn fún yín bẹ́ẹ̀, kó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú méjì tó: ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tó bá wọn jà, ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú BRT. Nígbà tí ẹ bá wọlé, tí ẹ bi ọmọ nípa ewúrẹ́ tó jẹ ìwé rẹ̀, yóò mọ̀ pé ojú ìyá òun wà lára òun ní ọ̀sán. Ní ìdájí, kí ẹ tó jáde, ẹ tẹ̀ sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ kì í ní oríkì rẹ̀, bí ó jẹ́ Àyìnlá, bí ó jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n lè má jí. Ọmọ mi kejì sọ pé òun máa ń ṣe bí ẹni tó sùn, kí n lè kì í dé òpin.

Mo ní láti sọ ibi tí ọwọ́ mi mọ. N kò rí àwọn ọmọ náà. Lẹ́tà kan ni mo kà, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ló sì kọ ọ́. Bí ọmọbìnrin yín bá ń rù, bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sílé, tàbí tí èsì ìdánwò rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Ní tiyín, àìsùn ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìbànújẹ́ kì í ṣe tuntun. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, bí oúnjẹ kò bá lọ mọ́, tàbí bí ó bá ń wá sí yín lọ́kàn pé yóò sàn fún àwọn ọmọ bí ẹ kò bá sí, ẹ̀bi kọ́ nìyẹn mọ́, àìsàn ni, àìsàn tí ẹ̀yin fúnra yín yóò ní kí aláìsàn lọ tọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ nọ́ọ̀sì dí yín lọ́wọ́ láti jókòó níbẹ̀ bí aláìsàn.

Ó ku ìbéèrè yín ìkẹyìn. Ẹ má bẹ ọmọkùnrin yín nítorí orúnkún. Yóò kàn dà á láàmú. Lọ́jọ́ tó bá tún ṣubú tí ẹ wà nílé, ẹ tẹ̀lé e lọ bá Ìyá Ràfíù, kí ẹ bá wọn di abọ́ omi mú, kí ọwọ́ yín wà lára egbò náà pẹ̀lú tirẹ̀. Ọmọbìnrin yín ni ẹ jẹ ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ parí ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú Ìyá Ràfíù ná, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lọ́sàn-án, nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá wà níta. Ẹ lè máa dirun fún un lọ́wọ́, kí ojú má baà ko ojú jù. Ẹ ní: "Iṣẹ́ tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Láti ọjọ́ Ajé, Ìyá Ràfíù ni yóò máa gbé oúnjẹ kaná. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gáàsì mọ́ bí mi ò bá sí nílé." Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Ẹ má bi í bóyá ó ti dárí jì yín. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ má fipá mú un. Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú, kí ẹ máa dirun náà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò ṣì máa dìde láti lọ wo ìkòkò. Ẹ sọ fún Ìyá Ràfíù kó ní kó jókòó.